Àkọsílẹ̀ iṣẹ́: kíkọ́ ilé ẹ̀rọ ọkọ̀ abẹ́ omi fún 100 mítà, àti ohun tí ìdánwò fi hàn

Ohun tí a kọ́ ni ilé ẹ̀rọ fún ọkọ̀ abẹ́ omi kékeré tí kò léèyàn nínú, irú èyí tí wọ́n ń fi wáyà darí láti òkè. Inú rẹ̀ ni bátìrì, bọ́ọ̀dù tó ń darí àwọn abẹ̀bẹ̀, àti kámẹ́rà yóò wà. Jíjìn tí yóò ti máa ṣiṣẹ́ jẹ́ 100 mítà. Èyí tí a ó fi dán an wò jẹ́ 150. Nínú òkun, gbogbo mítà mẹ́wàá ń fi nǹkan bíi bar 1 kún ìfúnpá omi, nítorí náà bar 10 ni ti iṣẹ́, bar 15 ni ti ìdánwò.

Bar 15 kéré lẹ́nu. Ṣùgbọ́n lára ìdérí tí ìbú rẹ̀ jẹ́ 114 mm, ó ju tọ́ọ̀nù kan ààbọ̀ lọ.

Ara páìpù

Páìpù alumíníọ́mù 6061-T6 ni: ìbú ìta 114 mm, ògiri 4 mm, gígùn 300 mm. Ohun tó sábà ń pa irú páìpù yìí lábẹ́ omi kì í ṣe pé irin rẹ̀ já. Ṣe ló máa ń rún wọlé lójijì, bí agolo tí èèyàn tẹ̀. Ìfúnpá tó lè rún un, tí páìpù bá gùn, ni 2E/(1−ν²) × (t/D)³. E, ìyẹn bí irin náà ṣe le tó, jẹ́ 68.9 GPa, ν, ìyẹn bó ṣe ń fẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí a bá tẹ̀ ẹ́, jẹ́ 0.33, t, ìyẹn ògiri, jẹ́ 4 mm, D láti àárín ògiri dé àárín ògiri jẹ́ 110 mm. Ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ 7.4 MPa, ìyẹn bar 74. Páìpù tí kò yípo dáadáa kì í dé ibẹ̀, torí náà a pín in sí méjì, a gba bar 37, ó sì ṣì ju ìlọ́po méjì ohun tí a fẹ́ lọ. Ẹ wo (t/D)³ yẹn dáadáa. Ẹni tó bá dín ògiri kù sí 2 mm kó lè fúyẹ́ kò ní bá ìdajì agbára níbẹ̀; nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́jọ ló máa kù.

Ògiri kọ́ ni wàhálà wa, nígbà náà. Bí ògiri ò bá lanu, alángbá ò lè wọ ibẹ̀, ṣùgbọ́n ilé ẹ̀rọ kò lè ṣe kó má lanu: wáyà gbọ́dọ̀ jáde, kámẹ́rà gbọ́dọ̀ ríran, èèyàn sì gbọ́dọ̀ ráyè pààrọ̀ bátìrì. A ka ẹnu tiwa, ó jẹ́ mẹ́jọ. Ẹnu 1 ni ìdérí iwájú, Ẹnu 2 ni gíláàsì kámẹ́rà tó wà lára rẹ̀, Ẹnu 3 ni ìdérí ẹ̀yìn, Ẹnu 4 sí 7 ni ihò kébù mẹ́rin, Ẹnu 8 ni ihò afẹ́fẹ́. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ojú ewé tirẹ̀ nínú ìwé iṣẹ́: ta ló gbẹ́ ẹ, kí ni ìwọ̀n rẹ̀, O-ring (òrùka rọ́bà tó ń dí omi) wo ló wọ̀, ìgbà wo la dán an wò.

Àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ ogun abẹ́ omi ló fi ojú rí ohun tó fa irú ìwé bẹ́ẹ̀. USS Thresher ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà rì ní April 10, 1963, níbi tó ti ń ṣe ìdánwò jíjìn, èèyàn 129 sì bá a lọ. Ìwádìí gbà pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ojú ìsopọ̀ páìpù omi òkun nínú yàrá ẹ́ńjìnnì ló yẹ̀. Ètò SUBSAFE tó tẹ̀ lé e ń béèrè ẹ̀rí tó wà lákọsílẹ̀ fún gbogbo ibi tí òkun lè gbà wọlé: irin tí wọ́n lò, iṣẹ́ tí wọ́n ṣe sí i, ìdánwò tó yege. Ọ̀rọ̀ ẹnu kò tó.

Ẹnu 1 àti 3: páìpù àti kòtò O-ring

Páìpù tí a rà kò yípo. Ní ìhà kan inú rẹ̀ jẹ́ 105.5 mm, ní ìhà kejì 105.8. Àbùkù kọ́ nìyẹn. Bí páìpù tí wọ́n tì jáde láti inú mọ́ọ̀dù ṣe máa ń rí nìyẹn. A ní láti fi léètì, ẹ̀rọ tó ń yí irin kí ọ̀bẹ lè gbẹ́ ẹ, gbẹ́ 40 mm àkọ́kọ́ ní ẹnu méjèèjì títí yóò fi di 106.00 mm.

Ibẹ̀ ni àṣìṣe àkọ́kọ́ ti wáyé. Bí eyín mẹ́ta léètì bá di páìpù tínínrín mú, ó ń tẹ̀ ẹ́ wọlé níbi mẹ́ta. A gbẹ́ ẹ báyẹn, inú rẹ̀ yípo. A tú u sílẹ̀, ara páìpù fà padà sí bó ṣe wà, inú tí a gbẹ́ wá di oníkọ̀rọ̀ mẹ́ta tí ojú kò lè rí. Vernier, òṣùwọ̀n tó ń há nǹkan láti ìhà méjì, pàápàá kò rí i, nítorí pé ibi tó wọlé ní ìhà kan dojú kọ ibi tó yọ síta ní ìhà kejì, 106.00 ló ń kà yíká, ọkàn èèyàn á sì balẹ̀. Géèjì aago tí a gbé kalẹ̀ sójú kan, tí a wá ń yí páìpù lábẹ́ rẹ̀, ló tú àṣírí: abẹ́rẹ́ gòkè, ó sọ̀ kalẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹta géérégé nínú yíyí kan, 0.09 mm. O-ring lè fara da díẹ̀ nínú irú èyí, ṣùgbọ́n ó ń jẹ nínú fífún tí a ti ṣírò sílẹ̀ fún un.

Àtúnṣe: a gbẹ́ eyín alumíníọ́mù mẹ́ta tuntun fún léètì, a gbẹ́ inú wọn sí ìbú 114 mm kí wọ́n lè gbá páìpù mọ́ra yíká dípò kí wọ́n gún un. A dì í níwọ̀nba. Gbígbẹ́ ìgbẹ̀yìn kò ju 0.1 mm lọ nígbà kọ̀ọ̀kan. Oníkọ̀rọ̀ mẹ́ta yẹn dín sí 0.02 mm, ṣùgbọ́n inú páìpù ti di 106.10. Kò burú. A kò tíì fọwọ́ kan ìdérí, ìwọ̀n tuntun yìí la sì fi gbẹ́ ẹ. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbẹ́ ìdérí ti há mọ́ iye tó wà lórí bébà.

Ìdérí: 106.00 mm ní ibi tó wọnú páìpù. Kòtò O-ring: ìbú ìsàlẹ̀ 100.42 mm, fífẹ̀ 4.8 mm, méjì lára ìdérí kọ̀ọ̀kan. O-ring: nitrile, líle 70 Shore A, ìbú inú 98.02 mm, ara 3.53 mm, nọ́ńbà AS568-241. Bó bá wọ kòtò, ó nà ní ìdá 2.4 nínú 100, èyí tó tó láti mú un jókòó láìrọ̀. Bí ìdérí bá wọlé tán, ara O-ring yóò fún ní nǹkan bí ìdá 19.

Bí kòtò bá jìn jù ní 0.3 mm péré, fífún yẹn yóò bọ́ sí nǹkan bí ìdá 10. Ilé ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ lè jò ní mítà méjì, kó má sì jò ní àádọ́ta. Ó dà bí ìsọkúsọ, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ni O-ring ṣe ń ṣiṣẹ́: omi fúnra rẹ̀ ló ń tì í mọ́ igun kòtò, bí ìfúnpá bá ṣe ń pọ̀ ni ó ń le sí i. Lókè, níbi tí omi kò tíì lágbára, fífún tí a fún un nígbà tí a ń dé e nìkan ló dúró lé. Ìdí nìyí tí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀ láti bar 15 fi lè kọjá, kí ilé ẹ̀rọ náà sì kún fún omi lọ́jọ́ tí wọ́n bá kọ́kọ́ gbé e sínú adágún.

Ojú tí O-ring ń fara kan gbọ́dọ̀ dán tó Ra 0.8 µm. A fi sánpépà 600 olómi parí rẹ̀, lórí léètì tó ń yí, kí àmì rẹ̀ lè gba yíká. Àmì tó gba yíká kò léwu púpọ̀. Èyí tó gba òòró, láti ìta wá sí inú, títì omi ni. Ẹnu páìpù ní ìdagẹ̀rẹ̀ dígírì 20 tí ìbú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 108 mm. O-ring tó ti wọ kòtò ga tó 107.4, nítorí náà bí ẹnu bá bẹ̀rẹ̀ láti 107, yóò gé rọ́bà náà bí ọ̀bẹ, ẹyọ rẹ̀ á sì já bọ́ sínú láìsí ẹni tó gbọ́.

Gírísì sílíkọ́ọ̀nù: kí O-ring ṣáà dán ni. Gírísì púpọ̀ máa ń dí ibi tó jò nígbà ìdánwò, á sì kúrò níbẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan nínú omi. Gírísì yìí kan náà kì í bá O-ring tí wọ́n fi sílíkọ́ọ̀nù ṣe rẹ́. Ó ń mú un wú.

Ẹnu 2: gíláàsì kámẹ́rà

Acrylic (ike tó mọ́ bíi gíláàsì) pẹlẹbẹ tí wọ́n dà, kì í ṣe èyí tí wọ́n tì jáde, nípọn 20 mm. Bí a bá gbà pé etí rẹ̀ kàn gbé lé nǹkan ni, láìsí ohun tó dì í pinpin, tí ìdajì ìbú rẹ̀ sì jẹ́ 53 mm, àárín rẹ̀ yóò gba 8.9 MPa ní bar 10 àti 13.3 ní bar 15. Acrylic tí ó nípọn 12 mm ì bá gba 24.6 MPa níbi iṣẹ́. Kò ní fọ́ lọ́jọ́ yẹn, torí acrylic máa ń tó nǹkan bíi 65 MPa kó tó já, ṣùgbọ́n ẹrù tó bá pẹ́ lórí rẹ̀ máa ń la ìlà fínnífínní sí i lára, ìlà yẹn ló sì ń di ẹ̀là.

A kò lu ihò kankan sára rẹ̀. Òrùka alumíníọ́mù tó ní bóòtù M4 mẹ́jọ ló tẹ̀ ẹ́ mọ́ O-ring tó wà lójú ìdérí, bóòtù wọ̀nyẹn sì gba ẹ̀gbẹ́ gíláàsì kọjá. Lẹ́yìn tí a gé e, a fi sínú ààrò ní 80 °C fún wákàtí mẹ́fà, a wá jẹ́ kó tutù díẹ̀díẹ̀, kó má ju 10 °C lọ ní wákàtí kan, kí wàhálà tí gígé kó sí i lára lè tú. Omi àti ọṣẹ nìkan la fi ń nù ún. Ọtí ìnu-nǹkan àti acetone kò gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀ láé, bẹ́ẹ̀ sì ni gọ́ọ̀mù tí wọ́n ń kán sí bóòtù kó má baà tú.

Ní January 23, 1960, tí Jacques Piccard àti Don Walsh ń gbé ọkọ̀ abẹ́ omi Trieste lọ sí ìsàlẹ̀ Challenger Deep, ibi tó jìn jù nínú òkun, ọ̀kan nínú àwọn gíláàsì oníke ìta rẹ̀ là ní nǹkan bíi mítà 9,000, gbogbo ọkọ̀ sì mì. Ọ̀nà àbáwọlé ni gíláàsì yẹn wà, kì í ṣe lára yàrá irin tí wọ́n jókòó sí, ni wọ́n ṣe rí i ròyìn.

Ẹnu 4 sí 7: kébù

Bóòtù oníhò M10 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, O-ring wà lábẹ́ orí rẹ̀, kébù gba inú rẹ̀ kọjá, epoxy (gọ́ọ̀mù olómi tó ń le bí òkúta) sì kún àyè tó kù. Ibi tó rọrùn jù láti ṣe nìyí, ibẹ̀ náà ló sì kọ́kọ́ máa ń dójú tini.

Awọ kébù gbọ́dọ̀ jẹ́ polyurethane. Epoxy kì í lẹ̀ mọ́ polyethylene. Ó máa ń dà bíi pé ó lẹ̀, títí di ọjọ́ tí kébù bá tutù tó sì sún kì. Fi sánpépà 120 họ awọ náà títí dídán rẹ̀ yóò fi kú, nù ún, má sì fi ìka kàn án mọ́. Po epoxy díẹ̀díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má baà wọ inú rẹ̀. Dà á lẹ́ẹ̀mejì, kébù ní ìdúróṣánṣán, kí afẹ́fẹ́ tó há sísàlẹ̀ lè ráyè gòkè. Fún un ní wákàtí 24 ní 25 °C kí o tó fà á wò.

Ọ̀nà tí a kọ́kọ́ gbà ṣe é, a kò bó awọ kébù nínú bóòtù. Epoxy lẹ̀ mọ́ awọ ìta nìkan. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn títí a ó fi dé ìdánwò kẹrin.

Ẹnu 8 kò gba ọ̀rọ̀: súkúrù kékeré tó ní O-ring. Láìsí i, afẹ́fẹ́ tó há sínú kò ní jẹ́ kí ìdérí wọlé, bó bá sì wọlé, yóò tún tì í jáde.

Ìdánwò 1 àti 2: fífa afẹ́fẹ́ jáde

Kí ilé ẹ̀rọ tó rí omi rárá, a fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde láti Ẹnu 8 títí ó fi dín ní 50 kPa (bar 0.5). Ojú ọ̀run wá ń tẹ ìdérí kọ̀ọ̀kan wọlé pẹ̀lú nǹkan bíi kílò 45. Ìwọ̀n tí a fi ṣe é: kó má padà ju 0.5 kPa lọ nínú ìṣẹ́jú 15. Ẹ má gbé e mọ́ra, ẹ má sì gbé e sínú oòrùn, torí 1 °C péré ń yí i ní nǹkan bíi 0.17 kPa.

Ìdánwò 1 kò yege. Géèjì ń gòkè ní 1 kPa ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Afẹ́fẹ́ tó ń wọlé kò ṣeé rí, nítorí náà a yí i padà: a fi okùn di ìdérí méjèèjì mọ́ra, a fún inú rẹ̀ ní bar 0.1 péré, a sì rì í sínú agbada omi. Láti Ẹnu 3, ní ibi tó máa jẹ́ aago mẹ́rin lójú aago, ìfófòó ọ̀kọ̀ọ̀kan ń yọ, kékeré bí orí abẹ́rẹ́, wọ́n ń tò tẹ̀ lé ara wọn. A ṣí i. Fọ́nrán òwú kan láti ara aṣọ ìnu-nǹkan ló dùbúlẹ̀ sórí O-ring ìta, ìpẹ̀kun kan wà níwájú rẹ̀, ìpẹ̀kun kan wà lẹ́yìn. O-ring kejì ni ì bá gbà wá, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ni fọ́nrán náà parí sí. Láti ọjọ́ yẹn, bébà tí kì í tú fọ́nrán la fi ń nù ún, a sì ń tan tọ́ọ̀ṣì gba ẹ̀gbẹ́ O-ring kọjá kí a tó dé e. Fọ́nrán tí ojú kò rí lójú ìmọ́lẹ̀ lásán máa ń ju òjìji síwájú.

Ìdánwò 2 yege: 0.2 kPa.

Ìkòkò ìdánwò

Páìpù irin ni: inú rẹ̀ 200 mm, ògiri 8 mm, gígùn inú 650 mm, ó gba nǹkan bíi 20 lítà. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n wẹ́dà, ìdérí òkè sì jẹ́ irin 30 mm tó ní bóòtù M20 mẹ́jọ. Pọ́m̀pù ọwọ́ olómi ló ń fún un ní ìfúnpá, géèjì rẹ̀ jẹ́ 0 sí 25 bar kí bar 15 lè wà nítòsí àárín. Omi nìkan la fi kọ́kọ́ dán ìkòkò fúnra rẹ̀ wò, títí dé bar 22.5. Kò sẹ́ni tó ń dúró sókè ìdérí rẹ̀ nígbà tí ìfúnpá bá wà nínú rẹ̀.

Omi gbọ́dọ̀ kún un bámúbámú. Bí ilé ẹ̀rọ bá wà nínú rẹ̀, omi tó kù jẹ́ nǹkan bíi 17 lítà, gbígbé e dé bar 15 kò sì gbà ju nǹkan bíi 17 mìlílítà omi lọ: omi fúnra rẹ̀ sún kì díẹ̀, ìkòkò fẹ̀ díẹ̀, ilé ẹ̀rọ sì sún kì díẹ̀. Agbára tó wà nípamọ́ nínú rẹ̀ jẹ́ joule mẹ́tàlá péré. Bó bá jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ló kún 20 lítà yẹn ní bar 15, ohun tó wà níbẹ̀ yóò ju joule 40,000 lọ, irin tó bá sì já níbẹ̀ yóò di ọta ìbọn. Ọ̀nà láti mọ̀ ni kíka omi tí pọ́m̀pù fi sínú rẹ̀. Bó bá ti ju 50 mìlílítà lọ tí a kò tíì dé bar 15, afẹ́fẹ́ ti há síbì kan. Ẹ tú u, ẹ yí ìkòkò, ẹ tún un kún.

Ohun kan wà tí ìkòkò kékeré kò lè fi hàn. Bí ilé ẹ̀rọ bá rún nínú òkun ní 150 mítà, omi kò ní dáwọ́ títẹ̀ dúró: lítà 2.4 afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lábẹ́ bar 15 jẹ́ nǹkan bíi joule 3,600. Nínú ìkòkò, bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í rún báyìí, ìfúnpá ti já bọ́. Páìpù lè jáde pẹ̀lú ìtẹ̀ kékeré kan, kí èèyàn sì rò pé ó fara dà á. Ìtẹ̀ kékeré yẹn túmọ̀ sí pé ó ti kú.

Inú ilé ẹ̀rọ, kò sí bátìrì, kò sí bọ́ọ̀dù. Bébà tíṣù la tò sí ẹ̀yìn ẹnu kọ̀ọ̀kan, a fi bírò olómi fa ìlà sí i lára. Níbi tí ìlà bá ti ràn, ibẹ̀ ni omi gbà. A wọn gbogbo rẹ̀ ṣáájú àti lẹ́yìn, lórí òṣùwọ̀n tó ń ka gíráàmù kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn tí a bá ti nu ìta rẹ̀ gbẹ.

Ìdánwò 3: bar 0.3, 1, 5, 10, 15, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan

Ní bar 15, géèjì sọ̀ kalẹ̀ sí 13.2 kí àkókò tó pé. A tú u, a ṣí i: tíṣù gbẹ, ìwọ̀n kò yí padà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé omi náà tutù. Omi ń fẹ̀ nínú ooru ju irin lọ, kò sì ní ibi tó máa fẹ̀ sí nínú ìkòkò tó kún. Ìṣírò rẹ̀ fún ìkòkò wa: 1 °C ń gbé géèjì tó bíi bar 3. Omi tí a dà síbẹ̀ láti inú ọpọ́n tó wà ní ìta ṣì ń tutù, dígírì kan kò pé tó fi sọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ kejì rẹ̀ ló burú jù. Jíjò mìlílítà kan ń mú géèjì sọ̀ ní bar 0.9, nítorí náà bí yàrá bá gbóná díẹ̀ nígbà tí ilé ẹ̀rọ ń jò, géèjì lè dúró gbọn-in lójú kan. Láti ìgbà náà a ń fi omi sínú ìkòkò láti alẹ́ àná, a so tẹmómítà mọ́ ara rẹ̀, a kì í sì í gba ẹ̀rí géèjì láìsí òṣùwọ̀n.

Ìdánwò 4: bar 10, wákàtí 12

Gíráàmù mẹ́ta ló fi wúwo sí i.

Tíṣù ẹ̀yìn Ẹnu 1, 2 àti 3 gbẹ. Tíṣù tó yí ìdí bóòtù kébù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ká gbẹ. Omi náà wà ní ìsàlẹ̀ páìpù, kò sì sí ọ̀nà tó gbà débẹ̀. Ìgbà tí a gbé kébù Ẹnu 6 sókè sí ìmọ́lẹ̀ ni a rí i: ìkán omi kan rọ̀ sí orí bàbà tí a bó ní ìpẹ̀kun wáyà pupa, 120 mm sí bóòtù, ó ń tàn yinrin. A nù ún. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, òmíràn yọ.

Inú kébù ló gbà. Orí kejì kébù náà wà nínú omi ìkòkò láìdí, a sì mọ̀ọ́mọ̀ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Omi wọ àárín awọ àti wáyà, ó wọ àárín àwọn fọ́nrán bàbà, ó kọjá lábẹ́ epoxy tó lẹ̀ mọ́ awọ ìta dáadáa, ó sì jáde nínú ilé. Lára ọkọ̀ gan-an, ibi tí àpáta bá ti ya awọ kébù yóò ṣe ohun kan náà. Wọ́n ní omi ò lọ́tàá. Orí bọ́ọ̀dù tí iná wà lára rẹ̀ ló ti ń rí ọ̀tá.

Àtúnṣe, fún gbogbo kébù mẹ́rin: bó awọ ìta kúrò ní 15 mm nínú bóòtù kí epoxy lè fọwọ́ kan wáyà kọ̀ọ̀kan. Ya àwọn wáyà kúrò lára ara wọn. Lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, bó 3 mm sí ìhòòhò, ní ibi tó yàtọ̀ síra kí wọ́n má baà kan ara wọn, kí o sì jó lẹ́ẹ̀dì sí i títí yóò fi mu ún wọ àárín fọ́nrán bàbà. Bàbà tó ti di ọ̀pá kan ṣoṣo kò láyè fún omi mọ́. Lẹ́yìn náà ni kí o da epoxy. Bóòtù 10 mm kò fi àyè púpọ̀ sílẹ̀, ó gba sùúrù. A ba méjì jẹ́ kí mẹ́rin tó pé.

Ìdánwò 5 àti 6

Ìdánwò 5: láti òdo dé bar 15 àti padà, ìgbà mẹ́wàá, ìṣẹ́jú márùn-ún lókè nígbà kọ̀ọ̀kan. Ó gbẹ. Gíláàsì kò ní ìlà lára lábẹ́ tọ́ọ̀ṣì. Ìdánwò 6: bar 10, wákàtí 12, orí kébù ṣì ṣí sílẹ̀ nínú omi. Gíráàmù òdo.

Ṣíṣí i

Ilé ẹ̀rọ tó bá jò ní jíjìn, tí O-ring rẹ̀ sì wá dí padà bó ti ń gòkè, lè gbé ìfúnpá bọ̀ nínú rẹ̀. Bar 10 lẹ́yìn ìdérí tó jẹ́ 106 mm jẹ́ nǹkan bíi kílò 900, ojú ẹni tó ń tú bóòtù ló sì dojú kọ. Bátìrì lithium tó bá bàjẹ́ nínú ilé tó dí lè ṣe irú rẹ̀ láìjẹ́ pé omi wọlé. Torí náà Ẹnu 8 la máa ń kọ́kọ́ tú, díẹ̀díẹ̀, kí ìdérí dojú kọ ògiri. Bó bá sín síta, a fi í sílẹ̀ títí yóò fi dákẹ́.

Iyọ̀, àti líléfòó

Bóòtù stainless lára alumíníọ́mù nínú omi iyọ̀: alumíníọ́mù ló ń jẹrà. A fi gírísì sí gbogbo ẹnu bóòtù, a sì so ẹyọ síǹkì mọ́ férémù, kí òun máa jẹrà dípò rẹ̀. A kò kùn síǹkì náà. Ẹni tó bá kùn ún ti pa á.

Ilé ẹ̀rọ ń lé omi tó lítà 3.06 kúrò. Gbogbo ọkọ̀, pẹ̀lú férémù àti fóòmù, ń lé nǹkan bíi lítà 10. A wọn òjé sí i nínú omi tí kò níyọ̀ kó lè máa léfòó ní 100 gíráàmù. Nínú òkun yóò fi nǹkan bíi 250 gíráàmù kún un, nítorí náà ìdá òjé tó ń lọ sókun wà lọ́tọ̀ nínú àpò rẹ̀. Fóòmù páálí tẹlifíṣọ̀n kò wúlò: ó ń sún kì nínú jíjìn, ọkọ̀ tó sì léfòó lókè yóò wúwo nísàlẹ̀. Irú èyí tó ní bọ́ọ̀lù gíláàsì fínnífínní nínú epoxy ló dúró.

Òrùka tí a fi ń gbé ọkọ̀ wà lára férémù, kò sí lára ilé ẹ̀rọ. Ní 1966, nígbà tí àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà fi CURV, ọkọ̀ tí wọ́n ṣe láti máa gbé ohun ìjà ìdánwò jáde lábẹ́ omi, lọ gbé bọ́ǹbù tó sọnù létí Palomares ní Sípéènì, ọkọ̀ náà há mọ́ okùn páráṣúùtù bọ́ǹbù yẹn, wọ́n sì fa àwọn méjèèjì gòkè pọ̀. Ẹrù tí kò sí nínú ìṣírò lè rọ̀ mọ́ tiwa náà.

Ìwé iṣẹ́, ojú ewé Ẹnu 6: epoxy tuntun, lẹ́ẹ̀dì lára wáyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, bar 15 ìgbà mẹ́wàá, bar 10 wákàtí 12, gíráàmù òdo. O-ring Ẹnu 1 àti 3: a pààrọ̀ wọn lẹ́yìn Ìdánwò 6, a sì fa afẹ́fẹ́ jáde lẹ́ẹ̀kan sí i, 0.1 kPa. Okùn wáyà 120 mítà ló kù.